Ilé aṣòfin tàbí àpérò: ọ̀nà méjì láti fagi lé èèwọ̀ ọtí ní Amẹ́ríkà
Láti ọdún 1920 títí di ọdún 1933 ni àtúnṣe kan sí ìwé òfin Amẹ́ríkà fi ka títa ọtí léèwọ̀ káàkiri ilẹ̀ náà, àtúnṣe mìíràn nìkan ló sì lè fagi lé e. Ọ̀nà méjì ni ìwé òfin wọn là sílẹ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀ láti fọwọ́ sí àtúnṣe: ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, tàbí àpérò àwọn aṣojú tí ará ìlú dìbò yàn fún ọ̀rọ̀ náà nìkan.

Ilé aṣòfin ni wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀, kò sì béèrè ìdìbò tuntun. Àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni Anti-Saloon League, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti ọtí, ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù, nítorí pé àwọn ìgbèríko, níbi tí ọ̀pọ̀ ti kórìíra ọtí, ní ìjókòó ju iye èrò wọn lọ, ẹ̀rù ẹgbẹ́ náà sì ń ba aṣòfin tó fẹ́ padà wọlé, títí kan ẹni tó ń mu ún ní kọ̀rọ̀.

Àpérò ń náni lówó, ṣùgbọ́n olùdíje sábà máa ń sọ ìhà tó wà kí wọ́n tó dìbò. Lójú tèmi, òun ló sàn jù. Oṣù Kejì ọdún 1933 ni wọ́n dábàá Àtúnṣe 21, èyí tó máa fagi lé èèwọ̀ náà, ọ̀nà àpérò ni wọ́n sì yàn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá, Utah di ìpínlẹ̀ 36 tó fọwọ́ sí i, iye tó tó láti sọ ọ́ di òfin.