Owó ilé mi tó wà lọ́wọ́ Marcus, àti ohun tí mo kà nípa Goldman Sachs

Báǹkì àdúgbò tí mo ti ń lò láti ìgbà tí mo dé London ló ti àkáǹtì mi pa láìsọ ìdí. Lẹ́tà ni wọ́n fi ránṣẹ́. Mo lọ bá wọn ní káńtà, ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò tilẹ̀ wò mí lójú. Ó ní kí n pe nọ́ńbà kan, àwọn tó wà lórí nọ́ńbà náà ní kí n padà sí káńtà. Bẹ́ẹ̀ àkáǹtì yẹn nìkan ni owó tí mo fi pamọ́ sí Marcus, àkáǹtì ìfowópamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti Goldman Sachs, báǹkì ńlá Amẹ́ríkà, lè gbà jáde, torí Marcus kò ní káàdì, kò ní ẹ̀ka, àkáǹtì tí ẹ bá so mọ́ ọn ló ń sanwó sí. Lọ́yà sì ti kìlọ̀ pé bí owó àsansílẹ̀ ilé kò bá wọlé kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, onílé máa tà á fún ẹlòmíì.

Obìnrin kan ló gbé ìpè mi ní Marcus. Ó kọ́kọ́ bi mí bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ mi, ó sì tún un pè títí ó fi pé, kò gé e kúrú. Ó ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ má pa fóònù.” Sítétímẹ́ǹtì àkáǹtì tuntun àti páásípọ́ọ̀tù ló ní kí n yà ránṣẹ́. Fọ́tò àkọ́kọ́ ṣókùnkùn. Ó dúró lórí fóònù títí mo fi tún un yà lẹ́bàá fèrèsé. Kó tó sọ pé ó dàbọ̀, ó ka gbogbo nọ́ńbà àkáǹtì náà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló pè mí pé owó ti ń bọ̀. Ó wọlé, lọ́yà rí i gbà, ilé di tèmi. Mo gbàdúrà fún un gidigidi.

Ti owó èlé, ẹ ò ní rí mi sọ púpọ̀. Ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Britain ní oṣù Kẹsàn-án 2018, èrò sì wọ́ lọ débi pé ní 2020 wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ oníbàárà tuntun fún ìgbà díẹ̀. Owó ti ń sún mọ́ bílíọ̀nù 25 pọ́n-ùn, ibi tí òfin ìgbà náà ti máa ní kí báǹkì ya owó aráàlú sọ́tọ̀ kúrò lára òwò ńlá rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe akáńtáǹtì ló ba ayọ̀ mi jẹ́. Ó ní, “Ṣé o mọ ohun tí Goldman Sachs tó ni Marcus ti ṣe?” Mo lọ kà á, inú sì bí mi. Ní 2012 àti 2013, wọ́n bá 1MDB, ilé ìdókòwò ìjọba Malaysia, wá bílíọ̀nù 6.5 dọ́là, owó iṣẹ́ tiwọn sì tó mílíọ̀nù 600. Àwọn olè kó ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù lọ nínú rẹ̀. Ní 2020, ẹ̀ka wọn ní Malaysia gbà ní kóòtù Amẹ́ríkà pé òun jẹ̀bi, wọ́n sì gbà láti san lé ní bílíọ̀nù 2.9 dọ́là. Ọmọ Nàìjíríà ni mí. Owó ìlú tí wọ́n jí kó kì í ṣe ìtàn àtẹ́tísí lásán fún mi.

Ẹ̀rù míì tún bà mí. Bí ilé iṣẹ́ ńlá bá fẹ́ ra òmíràn, Goldman ni ọ̀pọ̀ wọn ń fọ̀rọ̀ lọ̀, àwọn ni aṣáájú nídìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n òwò yẹn ń lọ sókè sódò: èrè bílíọ̀nù 21.6 dọ́là ti 2021 já sí 8.5 ní 2023, kó tó gòkè sí 14.3 ní 2024. JPMorgan, báǹkì Amẹ́ríkà míì, ní owó tí aráàlú fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ láti gbára lé. Morgan Stanley, tí òun náà jẹ́ báǹkì Amẹ́ríkà, ra E*Trade, ibi tí aráàlú ti ń ra ìpín ilé iṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní 2020, owó ìtọ́jú ọrọ̀ àwọn èèyàn sì ń wọlé fún un déédéé. Irú rẹ̀ ni Goldman ń wá tó fi dá Marcus sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2016. Ó pàdánù ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù, David Solomon, ọ̀gá àgbà wọn, sì ń fà sẹ́yìn. Wọ́n ra GreenSky, ilé iṣẹ́ tó ń yá èèyàn lówó láti tún ilé ṣe, wọ́n tún tà á. Ní 2024 ìjọba Amẹ́ríkà bu owó ìtanràn lé wọn lórí ẹjọ́ tí àwọn oníbàárà káàdì àwìn Apple, tí Goldman ń bá Apple ṣe, mú wá tí wọn ò bójú tó. Báǹkì tó bá ń kúrò nídìí owó àwa mẹ̀kúnnù lè já wa sílẹ̀ nígbàkúùgbà.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣí àkáǹtì Marcus, àkáǹtì tó dá yín lójú ni kí ẹ so mọ́ ọn, kí ẹ sì tọ́jú sítétímẹ́ǹtì tó mọ́lẹ̀ dáadáa sínú fóònù.

Síbẹ̀, nítorí obìnrin tó gbé ìpè mi: ìràwọ̀ 5 nínú 5.