Kúlà ọ́ìlì gíà tí wọ́n so mọ́ píkọ́ọ̀pù mi ní Kàbbà

Píkọ́ọ̀pù ọtomátíìkì ni mo fi ń kó iṣu láti Ìsánlú lọ sí Lọ́kọ́ja, bí mo bá sì ti ń wọ́ tẹ̀lé àwọn ọkọ̀ àjàgbé sìmẹ́ńtì nítòsí Ọbajànà, ọ́ìlì gíà tó yẹ kí ó pọ́n á dúdú, á sì máa rùn bí àkàrà tó jóná.

Mẹkáníìkì kan ní Kàbbà ló bá mi so kúlà, ìyẹn ohun tó ń mú ọ́ìlì gíà tutù, síwájú rédíétọ̀, kí ọ́ìlì gíà tó bá ti inú rédíétọ̀ jáde lè gba ibẹ̀ kọjá, kí afẹ́fẹ́ sì fẹ́ ẹ kí ó tó padà sínú gíà. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́: ó fi rọ́bà wé gbogbo ibi tí páìpù ti lè máa ha irin, ó sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa kí ó tó wọn ọ́ìlì. Ohun tí n kò fẹ́ ni okùn oníke tó kọ́kọ́ fẹ́ fi so ó. Èmi ni mo ní kí ó fi irin àti bóòtù dè é.

Nísinsìnyí, ooru ọ́ìlì kì í sábà kọjá 95°C. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń sún mọ́ 120°C, níbi tí ọ́ìlì ti ń tètè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n wákàtí méjì tí wọ́n dá fún mi di odindi ọjọ́ kan, n kò sì rí àga jókòó.