Ọkọ̀ Ọ́dà àti Ọkọ̀ Ojú Ilẹ̀: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Mọ́tò ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹni tó bá ti kó owó mọ́tò jọ, láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ṣágámù, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi èèyàn ni pé Toyota ni àbí Hyundai. Mi ò ní dá sí ìyẹn. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó àti bó ṣe ń mu epo sí, ẹnikẹ́ni tó ní fóònù lè rí i kó tó jẹun àárọ̀ tán. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà dé ọwọ́ wa ni mo fẹ́ fi wéra. Ọ̀kan ni kí ẹ san àsansílẹ̀ fún dílà, kó bá yín ọ́dà tíà rọ́bà láti ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, kí ẹ wá máa retí. Èkejì, èyí tí mo pè ní ọkọ̀ ojú ilẹ̀, ni kí ẹ lọ bá ọkọ̀ níbi tó wà, kí ẹ ṣí i, kí ẹ jókòó sínú rẹ̀, kí ẹ sanwó, kí ẹ wà á lọ. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú oríṣi kejì yìí, ṣùgbọ́n tíà rọ́bà tó ti dé ṣọ́ọ̀ròmù náà wà lára rẹ̀.

Mo ti ní méjèèjì. Corolla tòkunbọ̀ mi ṣì wà nílé, ọmọ mi ló ń wà á. Jíìpù kékeré tí mo ọ́dà ni mò ń gbé káàkiri ibi tí mo ti ń ra gaàrí.

Ohun tí ẹ sanwó fún, ṣé òun ló máa dé?

Ibí ni ẹjọ́ náà wà. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ rò ó.

Kí n tó ná kọ́bọ̀, mo sọ ohun mẹ́ta tí mo fẹ́ lára ọkọ̀ náà: ẹ́sítírà táyà gidi, kámẹ́rà ẹ̀yìn, àti ojú éésì fún àwọn tó bá jókòó sẹ́yìn, nítorí ìyá mi tí ooru máa ń dà láàmú. Ọmọbìnrin tó ń tajà fún dílà náà, ní Èkó, fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó sì dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan pé gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo sanwó. A bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ "ó ti wà lójú omi, Mọ́mì," lẹ́yìn náà "ó ti dé Tin Can, aṣọ́bodè ló kù."

Ọkọ̀ dé. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Mo ṣí búútù, mo ká kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. Kòtò roboto tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ fún táyà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n fóòmù dúdú ni wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀, ìgò gọ́ọ̀mù kan àti páǹpù kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò iná ọkọ̀ sì dùbúlẹ̀ sáàárín fóòmù náà. Kámẹ́rà ò sí. Níbi tí bọ́tìnì rẹ̀ yẹ kó wà lára dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n fi ike pẹlẹbẹ kan dí i. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní lọ síbì kankan. Ojú éésì ẹ̀yìn nìkan ló pé.

"Mọ́mì, ẹ má bínú, kọ́ńpìnnì ló yí i padà. Àwa gan-an ò mọ̀."

Ó wá ṣí ìwé aláwòrán tí wọ́n fi ń polówó ọkọ̀ náà dé ojú ewé tó kẹ́yìn, ó fi èékánná tọ́ka sí ìlà kan nísàlẹ̀ pátápátá, tí lẹ́tà rẹ̀ rí bí ẹsẹ̀ èèrà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ náà lẹ́tọ̀ọ́ láti yí ohunkóhun padà lára ọkọ̀ nígbàkúùgbà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tó pọ̀ jọjọ. Mi ò tíì rí dílà tó kà á sókè fún oníbàárà kó tó gbowó.

Ẹni tó bá ń gbé ní Ìkejà lè ní kí ni ọ̀rọ̀ táyà kan fẹ́ dà. Kó wá bá wa ná ọ̀nà Ṣágámù sí Ọ̀rẹ̀ ná. Ìgò gọ́ọ̀mù yẹn wúlò bó bá jẹ́ ìṣó ló gún táyà níbi tó ń tẹ ilẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹnu kòtò ọ̀dà ló gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, gọ́ọ̀mù máa kàn ṣàn jáde ni, ẹ ó sì wà láàárín Ìjẹ̀bú-Òde àti J4 lálẹ́, ẹ máa wo igbó. Kódà bó bá ṣiṣẹ́, ẹ ó gbọ́ èébú lẹ́nu fọkanáísà tó máa nu gọ́ọ̀mù náà kúrò kó tó lè lẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Àríyànjiyàn náà pẹ́. Nígbẹ̀yìn, dílà gbà láti fi kámẹ́rà tí wọ́n rà ní ọjà páátì Ládìpọ̀ sí i. Ó ń ṣiṣẹ́ lójú ẹ̀rùn. Bí òjò bá rọ̀, ìkùukùu lásán ni mò ń wò. Táyà àti wíìlì rẹ̀, èmi ni mo ra á.

Ẹ má sì rò pé ìwà àwọn tiwa níbí nìkan ni. Lọ́dún 2021, Tesla, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ oníná ti Amẹ́ríkà, yọ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń ṣètò ibi tó ń gbé ìbàdí ró lára àga èrò iwájú kúrò lára Model 3 àti Model Y. Lóṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà, wọ́n dáwọ́ radar, ẹ̀rọ tó ń mọ ohun tó wà níwájú ọkọ̀, dúró lára àwọn tí wọ́n ń kó fún Amẹ́ríkà. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 2022, wọ́n kéde pé àwọn ń yọ sẹ́ńsọ̀ tó ń ké nígbà tí èèyàn bá ń páàkì, àwọn tó sì gba ọkọ̀ lásìkò náà dúró pẹ́ kí ohun tí wọ́n ṣèlérí láti fi rọ́pò rẹ̀ tó dé. Ẹni tó ti fi owó sílẹ̀ kí ìkéde tó jáde, irú ọkọ̀ yẹn náà ló bá pàdé. Ṣíìpù, ègé kékeré tí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ fi ń ṣiṣẹ́, tó wọ́n lẹ́yìn kòrónà fà lára rẹ̀: BMW náà kó ọkọ̀ kan jáde ní ìparí ọdún 2021 tí ojú rédíò wọn ò ṣeé fọwọ́ tẹ̀, Toyota sì sọ ní Japan lọ́dún 2022 pé ọ̀kan nínú kọ́kọ́rọ́ méjì tó ń ṣí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ máa di kọ́kọ́rọ́ onírin ná. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀. Toyota bọ́ síta, ó sọ ọ́, ó bẹ̀bẹ̀. BMW dín owó kù fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Kí wọ́n yọ nǹkan kò dùn, àmọ́ kí wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n sì gbẹ́nu dákẹ́ títí ẹ ó fi fọwọ́ ara yín ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ìyẹn gan-an ni ìyànjẹ.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Ó ní irọ́ tirẹ̀, mo mọ̀. Wọ́n ń dá máìlì padà sẹ́yìn, wọ́n sì ń nu ọkọ̀ tí omíyalé ti bò mọ́lẹ̀ dán kí wọ́n tó tà á. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ àga sókè, ẹ wo ẹsẹ̀ irin tó di àga mú bóyá ó ti dípẹtà, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n dílà tòkunbọ̀ kò lè sọ pé kámẹ́rà wà níbi tí kò sí. Ẹ ó fi sí rìfáàsì níwájú rẹ̀ ni. Ẹ mú mẹkáníìkì yín dání, ẹ mú rewáyà náà, kí ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnì tó wà níbẹ̀. Ohun tí ẹ bá rí lọ́jọ́ yẹn ni ẹ ó gbé délé.

Ohun mìíràn tún wà tí tòkunbọ̀ fi bọ́ sí wa lọ́wọ́: nọ́ńbà ṣáásì. Mẹ́tàdínlógún ni àmì rẹ̀, lẹ́tà I, O àti Q kì í sí níbẹ̀. Bó bá fi 1, 4 tàbí 5 bẹ̀rẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. J ni Japan, K ni Kòríà, W ni Jámánì. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ẹ ka àmì náà dé ìkẹwàá, ọdún ọkọ̀ ló wà níbẹ̀: F ni 2015, J ni 2018, L ni 2020, N ni 2022. Bí dílà bá ń pariwo 2018 tí ẹ sì rí F, ẹ mọ̀ pé owó 2015 ló yẹ kí ẹ dá lé e. Lórí ìkànnì NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀, ọ̀fẹ́ lẹ ó fi wo ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n kàn mọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà wọn, títí kan éébáàgì. Ọ̀pọ̀ tíà rọ́bà tí wọ́n ṣe fún Áfíríkà kò sí lórí rẹ̀.

Ààbò

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé tuntun ló máa dáàbò bò wọ́n jù. Lọ́dún 2020, Global NCAP, àjọ tó ń fi ìkọlù dán ààbò ọkọ̀ wò, àti ẹgbẹ́ awakọ̀ ti South Africa jẹ́ kí pikọ́ọ̀pù Nissan méjì forí gbárí: NP300 Hardbody tuntun tí wọ́n ń tà ní Áfíríkà nígbà náà, àti Navara NP300 àlòkù ti ọdún 2015 tí wọ́n kó wá láti Yúróòpù. Àbájáde wọn ni pé awakọ̀ tuntun náà ì bá kú, awakọ̀ àlòkù náà ì bá sì rìn jáde. Orúkọ kan náà kò túmọ̀ sí ọkọ̀ kan náà. Ẹ ka éébáàgì, ẹ má ka ọdún nìkan.

Àwọn yòókù, ní ṣókí

Iye owó: tòkunbọ̀ kéré, owó ọ́dà sì lè fò sókè kó tó dé, bí dọ́là bá ti yí.
Wárántì: ọ́dà ló borí, bí dílà bá ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá padà lọ.
Páátì: Corolla, ní gbogbo igun Ìjẹ̀bú-Òde. Ti jíìpù mi, Èkó ni mò ń lọ.
Ìwé: ẹ yẹ ìwé aṣọ́bodè wò lórí méjèèjì.
Àsìkò: ẹni tó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ tuntun wọ Ojúde Ọba, kí rẹgbẹ́rẹgbẹ́ lè rí i lọ́jọ́ kẹta Iléyá, kó má fọkàn tán ọ́dà rárá. Ìjẹ̀bú ọmọ alárè, ẹ ò ní fẹ́ kí wọ́n rí yín lórí ọ̀kadà.

Àwọn kan á ní ṣebí àwọn lè ra ọkọ̀ ní gbàǹjo Amẹ́ríkà, kí ìbátan bá wọn fi sọ́kọ̀ ojú omi. Ọ́dà lòun náà. Àwòrán lẹ ń rà, ohun tó bá sì bọ́ dànù lójú ọ̀nà, bátìrì ni o, rédíò ni o, ẹ̀yin lẹ ó rọ́pò rẹ̀.

Èwo wá ni kí ẹ rà?

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó tọ́ sí. Ọ́dà dáa fún ilé iṣẹ́ tó ń ra ọkọ̀ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan tó sì ní lọ́yà, àti fún ẹni tí kò lè gbà ju àwọ̀ kan pàtó. Ọkọ̀ ojú ilẹ̀ dáa fún oníṣòwò, olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹni tó ń gbé ìyá rẹ̀ lọ sọ́sibítù, àti ẹni tí kò fẹ́ bá ọmọ ọlọ́mọ jà ní ṣọ́ọ̀ròmù. Bí owó yín bá tó tíà rọ́bà, ẹ ra èyí tó ti wà nílẹ̀, kódà bó bá jẹ́ àwọ̀ eérú.

Bó bá di dandan kí ẹ ọ́dà, òfin FCCPA ti ọdún 2018, tó ń dáàbò bo oníbàárà, wà lẹ́yìn yín: ọjà tí a fi àpèjúwe tà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe náà mu, oníbàárà sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ ọ́. Àjọ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin náà, ni ẹ lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ bá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ní àpèjúwe lọ́wọ́. Ẹ má fi mọ sórí WhatsApp. Ẹ jẹ́ kí wọ́n to gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ sínú pròfọ́mà, ìwé tí wọ́n fi ń sọ iye owó ọjà kí ẹ tó sanwó, kí wọ́n buwọ́ lù ú, kí wọ́n lu òǹtẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ọ̀kan bá yingin ẹ lè gba owó yín padà. Ẹ gba nọ́ńbà ṣáásì kí ẹ tó san èyí tó kù, kí ẹ sì fi èyí tó tó ìdajì sílẹ̀ di ọjọ́ tí ẹ bá ṣí búútù. Ohunkóhun tí wọn ò bá fẹ́ kọ sílẹ̀, ẹ kà á sí ohun tí kò sí lára ọkọ̀ náà, kí ẹ sì yọ owó rẹ̀ kúrò kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.