MuseScore, LilyPond, Sibelius àbí Dorico: èwo ló máa kọ sa re ga fún yín?

Software tí wọ́n fi ń kọ nóòtì orin ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tó bá jẹ́ A B C lásán lẹ fẹ́ rí lórí nóòtì, ẹ mú èyí tó bá wù yín, kò sí wàhálà. Àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó máa kọ orúkọ nóòtì bíi sa re ga ma tàwọn ará Íńdíà, tàbí rast, dukah, sikah tàwọn Lárúbáwá, tàbí ha ni ho he to i ro tàwọn ará Jàpáànù, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Kẹ́ ẹ tó béèrè iye owó, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá software yẹn ń ka nóòtì kó tó kọ orúkọ ẹ̀, àbí ṣe ló kàn lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lára. Tó bá jẹ́ pé ó lẹ̀ ẹ́ ni, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé orin yẹn lọ sí kíì míì, nóòtì á lọ, orúkọ á jókòó síbi tó wà, lẹ bá tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Sa gan-an kì í dúró sójú kan, ibi tí olórin bá fi í sí ló wà, bíi doh inú tonic sol-fa, àmọ́ C ni ha máa ń jẹ́ ní gbogbo ìgbà.

Ọ̀fẹ́ ni MuseScore. Ó lè kọ orúkọ sínú orí nóòtì gangan, A B C, ti Jámánì tí wọ́n ti ń pe B ní H, do re mi tó dúró sójú kan àtèyí tó ń tẹ̀ lé kíì, tí nóòtì bá sì yí orúkọ náà á yí. Ó dáa gan-an, àmọ́ sa re ga ò sí ńbẹ̀. Plugin Note Names, ìyẹn ètò kékeré tó bá a wá, ẹ lè ṣí fáìlì ẹ̀ kẹ́ ẹ sọ C di ha, ṣùgbọ́n lílẹ̀ nìyẹn o.

LilyPond náà ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ó le díẹ̀, lẹ́tà lẹ máa tẹ̀, kò sí pé ẹ ń fi mouse gbé nóòtì kiri. Síbẹ̀ lójú tèmi òun lọ̀gá: apá kan nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ NoteNames ń ṣírò orúkọ látinú nóòtì nígbàkigbà, ẹ lè fún un lórúkọ tiyín, fáìlì orin Lárúbáwá àti makam (ìlànà ohùn orin) Tọ́kì sì wà nínú ẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbí o: orí C làwọn Lárúbáwá ń kọ rast sí, orí G làwọn ará Tọ́kì ń kọ ọ́ sí, torí náà ẹ má kàn gba líìsìtì ẹlòmíì lò.

Sibelius, owó ni. Ó ní plugin Add Note Names, ẹni tó bá mọ ManuScript, èdè tí wọ́n fi ń kọ plugin Sibelius, lè kọ tiẹ̀, àmọ́ lílẹ̀ náà ni. Dorico ńkọ́? Torí orúkọ bíi sa re ga nìkan, ẹ má rà á, ìlà ọ̀rọ̀ orin lẹ máa fi tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn yẹn bó ṣe rí gan-an, Dorico Pro máa jẹ́ kó pín octave (láti doh dé doh tó tẹ̀ lé e) sí ọ̀nà 53 bíi tàwọn ará Tọ́kì, ìyẹn tó owó ẹ̀.

Finale, software ìkọ orin míì, ńkọ́? MakeMusic tó ṣe é ti dá a dúró láti August 2024, ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ tẹ komal (nóòtì Íńdíà tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀) tó ní ìlà nísàlẹ̀ àti tivra ma (ma tí wọ́n gbé sókè díẹ̀) tó ní ìlà lókè, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di PDF, torí fọ́ńtì míì á kàn gbé àpótí òfìfo jáde. Tó bá jẹ́ èmi, MuseScore ni màá fi kọ orin, màá gbé e jáde ní MusicXML, irú fáìlì tí software orin míì lè kà, musicxml2ly tó bá LilyPond wá á wá sọ ọ́ di ti LilyPond, ibẹ̀ ni màá ti fi orúkọ sí i.