Àwo Àtijọ́ tàbí Àpótí Síìdì? Ìfiwéra fún Ẹni tí Ó Fẹ́ Ra Orin Ricky Nelson tí Ó Ṣọ̀wọ́n

Kí ẹnikẹ́ni tó ná kọ́bọ̀ sórí orin Ricky Nelson tí ó ṣọ̀wọ́n, ó yẹ kí ó mọ èyí tí ó ń wá nínú ohun méjì: ṣé orin tí ènìyàn díẹ̀ gbọ́ rí ni, àbí àwo tí ènìyàn díẹ̀ ní lọ́wọ́? Àwọn òǹtajà máa ń pe méjèèjì ní ohun tí ó ṣọ̀wọ́n, wọ́n sì máa ń bu owó lé wọn bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n orin tí ó ṣọ̀wọ́n lè wà nínú síìdì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, nígbà tí àwo tí ó ṣọ̀wọ́n lè gbé orin tí gbogbo ayé ti gbọ́ tán. Lórí ìyàtọ̀ yìí ni ìfiwéra tí ó tẹ̀lé e dúró lé.

Ọdún 1940 ni a bí Nelson ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà. Ètò tẹlifíṣọ̀n tí àwọn òbí rẹ̀, Ozzie àti Harriet, ń ṣe nípa ìdílé wọn ni ó sọ ọ́ di ẹni mímọ̀. Nígbà tí ó sì kọrin nínú rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1957, àwọn ọ̀dọ́langba gbé e gẹ̀gẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1958, orin rẹ̀ "Poor Little Fool" ni ó kọ́kọ́ gba ipò kìn-ín-ní nínú àtẹ Hot 100 tí ìwé ìròyìn Billboard ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Ohun tí ó kan olùrà jù nínú ìtàn yìí ni pé ilé iṣẹ́ márùn-ún ni ó kọrin fún kí ọkọ̀ òfuurufú tó já, tí ó sì gba ẹ̀mí rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1985: Verve ní 1957, Imperial láti 1957 sí 1963, Decca tí ó di MCA láti 1963, Epic láti 1977, àti Capitol ní 1981. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ilé iṣẹ́ wọ̀nyí tọ́jú téèpù wọn sí. Ìdí nìyí tí àpótí kan ṣoṣo kò fi kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, tí olùrà sì fi gbọ́dọ̀ yàn.

Àwo àkọ́tẹ̀

Àwo kékeré tí ń yí ní ìgbà 45 láàárín ìṣẹ́jú kan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń wá. Èyí tí ó ṣáájú gbogbo wọn ni Verve 10047 ti ọdún 1957, tí "A Teenager's Romance" wà ní ojú kan rẹ̀, tí "I'm Walkin'", orin tí Fats Domino ti kọ kí ó tó kọ ọ́, sì wà ní ojú kejì. Òǹtajà yóò sọ pé àkọ́kọ́ ni, nítorí náà ó ṣọ̀wọ́n. Òtítọ́ ni pé àkọ́kọ́ ni, ṣùgbọ́n àwo tí a ròyìn pé ó tà tó mílíọ̀nù kan kò lè ṣọ̀wọ́n. Èyí tí ó mọ́ nínú wọn ni ó ṣọ̀wọ́n, nítorí pé ọwọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni àwọn àwo náà bọ́ sí, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ wọn wúwo, wọn kì í sì í dá àwo padà sínú àpò rẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú "Be-Bop Baby" (Imperial 5463) àti "Poor Little Fool" (Imperial 5528). Bí a bá fi àwo tí wọ́n kọ NM sí lára, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí tuntun, wé èyí tí wọ́n kọ G sí, tí ó ti gbó, orin kan náà ni, ṣùgbọ́n èkejì yóò máa dún bí ẹran tí a ń dín nínú epo gbígbóná. Ìwọ̀n ìsàlẹ̀ tí mo lè gbà olùrà nímọ̀ràn láti san owó gidi lé ni VG+, tí ó wà ní ìsàlẹ̀ NM.

Àwo tí ń yí ní ìgbà 78 ni ó ṣọ̀wọ́n ní tòótọ́. Nígbà tí Nelson bẹ̀rẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ti ń fi irú àwo yẹn sílẹ̀, nítorí náà àwọn orin rẹ̀ ti ọdún 1957 àti 1958 wà lára àwọn tí a tẹ̀ kẹ́yìn ní ọ̀nà yẹn, iye tí a sì tẹ̀ kéré gan-an sí ti àwo 45. Wọ́n tún rọrùn láti fọ́. Tí ẹni tí ń kó àwo jọ fún àwo fúnra rẹ̀ bá ní owó láti ra ohun kan péré, 78 tí kò sán ni kí ó ra, kí ó fi 45 sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ London ni ó ń gbé orin Imperial jáde, Brunswick sì ni ó gbé ti Decca jáde lẹ́yìn náà; àwọn Yorùbá tí ń gbé níbẹ̀ yóò sì rí i pé àwo London súnmọ́ wọn ju ti Imperial lọ, owó ìfiránṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní ju owó àwo lọ.

Kí olùrà tó sanwó, kí ó béèrè fún àwòrán bébà àárín àwo náà àti ti nọ́ńbà tí a gbẹ́ sí ibi dídán tí orin parí sí, kí ó sì fi wọ́n wé èyí tí ó wà nínú àkójọ Discogs, ìkànnì tí ó ń to àwo lẹ́sẹẹsẹ. Ilé iṣẹ́ Liberty ra Imperial ní 1963, a sì tún àwọn orin náà tẹ̀ léraléra lẹ́yìn náà. Orúkọ pẹ̀lú máa ń ṣèrànwọ́: láti ọdún 1961 tí ó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni àwo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Rick dípò Ricky. Àwo ńlá tí ó kó orin 1957 jọ, tí a sì wá kọ "stereo" sí lára, sábà máa ń jẹ́ mono, ohùn ọ̀nà kan ṣoṣo, tí a fi ẹ̀rọ pín sí ọ̀nà méjì. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ gìtá James Burton nínú "Believe What You Say" ti 1958 ní mono kò ní gbà kí a fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tàn án.

Àpótí Bear Family

Bear Family jẹ́ ilé iṣẹ́ Jámánì tí ó ń kó gbogbo iṣẹ́ olórin kan jọ sínú àpótí ńlá pẹ̀lú ìwé àlàyé ẹlẹ́yìn líle. Àpótí rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí Nelson, The American Dream, jáde ní 2001 pẹ̀lú síìdì mẹ́fà, ó sì kó iṣẹ́ Verve àti Imperial láti 1957 sí 1962. Àpótí kejì, For You, jáde ní 2008 pẹ̀lú síìdì mẹ́fà mìíràn fún ọdún Decca láti 1963 sí 1969. Ẹ̀kẹta, The Last Time Around, gba ibi tí ó kù láti 1970 sí 1982.

Nípa orin tí a kò gbé jáde nígbà náà, kò sí àwo 45 kankan tí ó lè bá àpótí àkọ́kọ́ díje. Owó tí ènìyàn yóò fi ra ìwọ̀nba àwo 45 tí ó mọ́ dáadáa lè gbé gbogbo àpótí náà wálé, pẹ̀lú àwọn ẹ̀dà tí Imperial kò fi síta. Èmi kò ní tan ẹnikẹ́ni, ṣá o: ẹ̀dà kẹta orin kan náà, tí ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju pé onílù yára díẹ̀ lọ, ń súni, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ tí ó ra àpótí yìí kò gbọ́ ọ tán.

Àpótí kejì kò lágbára tó ti àkọ́kọ́. "Fools Rush In" àti "For You" wà nínú rẹ̀, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ orin àárín ọdún 1963 sí 1965 tí Decca fún un kọ kò yẹ ohùn rẹ̀. Ohun tí ó mú kí n sọ pé ó tọ́ láti rà ni orin kọ́ńtírì rẹ̀ ti 1966 àti 1967, láti inú Bright Lights and Country Music àti Country Fever. Níbẹ̀ ni a ti gbọ́ ọ̀dọ́ tí a ti ń pariwo lé lórí tẹ́lẹ̀ tí ó wá ń kọrin bí àgbà. Bí olùrà bá fẹ́ orin wọ̀nyí nìkan, àwo ńlá Decca méjèèjì tí a ti lò rí wọ́pọ̀ lọ́jà, owó wọn sì rọlẹ̀ ju ti àpótí lọ. Ní ibí yìí nìkan ni mo ti gbà pé àwo àtijọ́ borí síìdì ní iye owó.

Ẹni tí ó bá ń ra àpótí àlòkù gbọ́dọ̀ béèrè bóyá ìwé rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìwé náà ni ó ní ọjọ́ tí a kọ orin kọ̀ọ̀kan àti orúkọ àwọn tí ó lu ohun èlò. Àpótí tí kò ní i kò yẹ kó gba owó àpótí pípé.

Orin Epic

Ibí yìí ni ohun tí a kò gbé jáde ti pọ̀ jù. Ní 1978, Nelson ṣe odidi àwo kan fún Epic lábẹ́ ìdarí Al Kooper, tí wọ́n pè ní Back to Vienna. Ilé iṣẹ́ náà kò gbé e jáde. Lẹ́yìn náà ni ó lọ kọrin ní Memphis, mẹ́rin péré nínú orin ibẹ̀ sì bọ́ síta nínú àwo Four You ti 1981 nígbà tí ó ṣì wà láàyè. The Memphis Sessions jáde ní 1986, lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Fún ìdí yìí, ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ẹ̀dà téèpù Back to Vienna ti ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ní 2012, Real Gone Music gbé síìdì méjì jáde lórúkọ The Complete Epic Recordings, tí ó kó àwọn orin Kooper yẹn mọ́ ti Memphis. Ẹni tí ó bá ṣì ń ta téèpù àdàkọ náà ní owó gọbọi ń ta ohun tí ènìyàn lè rí ní gbangba, ní ohùn tí ó mọ́ jù. Four You fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun tí ó dára láti ní fún àwòrán ara rẹ̀, kì í ṣe fún orin.

Àdàkọ, téèpù àti síìdì olówó pọ́ọ́kú

Àwo àyẹ̀wò tí a fi lákà bo irin alumíníọ̀mù, èyí tí wọ́n ń pè ní acetate, ni olówó gọbọi ń wá jù. Ẹyọ kan tàbí méjì ni a ń gé, ohùn rẹ̀ sì ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá kọjá lórí rẹ̀. Bí ìyẹ̀fun funfun bá hàn lójú rẹ̀, lákà náà ti ń tú èròjà rẹ̀ jáde nìyẹn, àmì ọjọ́ ogbó sì ni. Téèpù àwọn ọdún 1970 ní àrùn tirẹ̀: ohun tí ó mú èròjà mọ́ ọn lára máa ń fa omi, téèpù á sì máa lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀rọ, onímọ̀ ni ó lè yan án nínú ooru kékeré kí a lè dà á kọ. Ẹni tí kò bá ní ìwé tí ó fi ibi tí ohun náà ti wá hàn, kí ó má ṣe bèèrè owó ńlá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní òpin kejì ọjà náà ni síìdì olówó pọ́ọ́kú tí ó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù. Òfin ibẹ̀ kò dáàbò bo orin tí a gbé jáde kí ọdún 1963 tó dé mọ́, nítorí náà ẹnikẹ́ni lè tẹ orin Imperial ti ìgbà yẹn níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí a ṣe ní 2018 dáàbò bo orin 1957 títí di ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2067, síìdì kan náà sì lè jẹ́ ọjà tó tọ́ ní London kí ó di ẹ̀ṣẹ̀ ní New York. Wọ́n dára fún ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun fẹ́ràn olórin náà; orin tí ó ṣọ̀wọ́n kò sí nínú wọn.

Fún ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀, The Complete Epic Recordings ni mo máa kọ́kọ́ rà, nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀, orin rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ Nelson kò mọ̀. The American Dream ni yóò tẹ̀lé e. Lẹ́yìn méjèèjì ni kí ó tó yà sí àwo àkọ́tẹ̀, tí ó bá ṣì wù ú. Bí ó bá sì jẹ́ pé Èkó tàbí Ìbàdàn ni ọjà náà ń bọ̀, kí ó ní kí òǹtajà fi páálí tí ó le ju àwo lọ sí ẹ̀yìn àti iwájú 78, kí ó yọ àwo ńlá kúrò nínú àpò rẹ̀ kí etí rẹ̀ má baà ya àpò náà lójú ọ̀nà, kí ó sì tò wọ́n sí ìdúró níbi tí oòrùn kò ti ní bá wọn, nítorí pé oòrùn ọ̀sán kan péré tó láti ká àwo kò.