Fíìmù amí tó ń rọra lọ: èwo ni kí ẹ rà, èwo ni kí ẹ yá wò?

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé Tinker Tailor Soldier Spy ti ọdún 2011 sójú tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀ wa, èmi, àbúrò mi ọkùnrin àti ìyàwó ẹ̀ la jọ jókòó. Kò tíì tó ogójì ìṣẹ́jú tí àbúrò mi fi yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ni fíìmù yìí máa bẹ̀rẹ̀ gan-an?" Ìyàwó ẹ̀ ò gbọ́, ojú ẹ̀ ò kúrò níbẹ̀. Nígbà tó fi máa parí, ọkọ ti ń hanrun lórí àga, ìyàwó sì ní ká jọ̀ọ́ dá a padà síbẹ̀rẹ̀. Gbogbo èrò tí àwọn òǹwòran ti ń sọ nípa fíìmù yẹn látìgbà tó ti jáde ló pé sí pálọ̀ wa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ náwó sórí irú fíìmù amí báyìí, iye ìràwọ̀ tí wọ́n fún un ò lè ràn yín lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn lámèyítọ́ fẹ́ràn ẹ̀ ju àwọn tó kàn fẹ́ najú lọ, àwọn méjèèjì ò sì parọ́. Mẹ́rin ni mo fẹ́ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ti 2011 yìí, èyí tí BBC ṣe fún tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 1979 látinú ìwé kan náà, A Most Wanted Man (2014) àti Bridge of Spies (2015). Orí méjì àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ sí jù, torí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn pọ̀ sí.

Ìtàn kan, ọwọ́ méjì

John le Carré ló kọ ìwé náà, ó jáde ní 1974, òun alára sì ti ṣiṣẹ́ amí fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí. Ẹnì kan lára àwọn ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ amí ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń tú àṣírí wọn fún Sófíẹ́ẹ̀tì. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Wọ́n wá ránṣẹ́ pe George Smiley, tí wọ́n ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, pé kó bá wọn wá a jáde. Smiley ò ní fò láti orí òrùlé dé òrùlé, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni ja ìjàkadì. Á ka fáìlì. Á lọ bá àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, á jókòó tì wọ́n, á sì jẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ títí tí wọ́n á fi sọ èyí tí wọn ò fẹ́ sọ.

Tomas Alfredson, ará Sweden, ló darí ti 2011. Ìṣẹ́jú 127 ni. Gary Oldman ló ṣe Smiley, ó sì pẹ́ dáadáa lẹ́yìn tí fíìmù bẹ̀rẹ̀ kó tó la ẹnu: ẹ máa rí i tó ń rìn, tó ń lọ gba dígí ojú tuntun, tó dá jókòó sílé. Ibí yìí gan-an ni àwọn tí kò fẹ́ràn fíìmù náà ti ń sọ pé kò sí nǹkan kan tó ń ṣẹlẹ̀. Mo gbà pé ó ń falẹ̀. Ohun tí mi ò gbà ni pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ibì kan wà tí mo máa ń fi dán ènìyàn wò. Àwọn mẹ́ta wà nínú ọkọ̀, oyin kan wọlé. Àwọn méjì tó kù ń ju ọwọ́ sókè sódò, wọ́n ń lé e. Smiley ò mira. Ó dúró títí oyin fi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó rọra yí fèrèsé sílẹ̀, oyin bá tiẹ̀ lọ. Tí ibẹ̀ bá pa yín lẹ́rìn-ín, tí ẹ sì sọ lọ́kàn pé, "Hẹn-ẹ́n, bó ṣe máa mú ọ̀dàlẹ̀ yẹn nìyí," ẹ lọ ra fíìmù náà, ẹ máa wò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Tó bá jẹ́ "Oyin wọkọ̀, kí ló wá kàn mí níbẹ̀?" lẹ sọ, ẹ yá a wò, kẹ́ ẹ má baà máa fojú burúkú wo páálí ẹ̀ nínú ilé.

Ti 1979, John Irvin ló darí ẹ̀, Alec Guinness sì ni Smiley. Apá 7 ni, bíi wákàtí márùn-ún lápapọ̀. Ẹ fojú inú wo ìwé kan náà tí ẹnì kan fún pọ̀ sínú wákàtí méjì, tí ẹlòmíì sì tẹ́ sílẹ̀ fún wákàtí márùn-ún. Ẹni tó bá sọnù sínú ti 2011 á rí ọ̀nà nínú ti 1979, torí olúkúlùkù àwọn tí Smiley lọ bi léèrè ọ̀rọ̀ ló ní àyè tiẹ̀ láti rojọ́ tán. Àwọn tó ń ráhùn nípa ẹ̀ náà ní ẹjọ́ tiwọn: àwòrán ẹ̀ ò gba gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n òde òní, àwọ̀ ẹ̀ ti ṣá, apá tó pọ̀ jù níbẹ̀ sì jẹ́ àwọn bàbá tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Àwọ̀ ti 2011 náà ò kúkú tàn, bíi taba àti eérú ló rí, àmọ́ wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, ó sì lẹ́wà. Ẹ má wò ó lójú fóònù ní ọ̀sán gangan, ẹ ò ní rí nǹkan kan.

Ibì kan ṣoṣo tó la ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì sílẹ̀ ni ìgbà tí Smiley ń sọ bó ṣe pàdé Karla, ọ̀gá amí Sófíẹ́ẹ̀tì, nínú ẹ̀wọ̀n kan ní Delhi. Ti 1979 mú wa dé inú ẹ̀wọ̀n náà. Patrick Stewart ló ṣe Karla, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ojú lásán ló ń fi wo Guinness tó ń bẹ̀ ẹ́. Ti 2011 ò tiẹ̀ fi Karla hàn wá. Oldman, tó ti mutí díẹ̀, yíjú sí àga òfìfo kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ènìyàn jókòó síbẹ̀. Mo fẹ́ràn ti àga yẹn jù. Ìyá mi fẹ́ràn ti Stewart, ó ní òun fẹ́ rí ojú ọ̀tá. Ẹ yan èyí tó bá yín lára mu.

Ẹ̀sùn kan tí mo gbà láìjiyàn nípa ti 2011 ni pé orúkọ pọ̀ jù. Kí ẹ tó jókòó, ẹ mọ mẹ́ta péré: "Circus" ni wọ́n ń pe ilé iṣẹ́ amí náà, "Control" ni ọ̀gá àtijọ́ tí John Hurt ṣe, Karla sì ni ọ̀tá. Ìyókù á máa yé yín díẹ̀díẹ̀. Ó tún yẹ kí ẹ mọ̀ pé jẹ́jẹ́ tó ń lọ kò sọ ọ́ di fíìmù ọmọdé. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti fi í hàn sì le. Àwọn tó ń díwọ̀n fíìmù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní 15, ìyẹn ni pé ẹni tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà fún.

Ní ti àmì ẹ̀yẹ, fíìmù yìí ló kọ́kọ́ mú kí wọ́n dárúkọ Oldman fún Oscar, lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ṣeré. Kò gbà á lọ́dún náà. BAFTA, ẹgbẹ́ àwọn onífíìmù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún fíìmù náà ní ti fíìmù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ta yọ jù.

Àwọn méjì yòókù

A Most Wanted Man, inú ìwé le Carré lòun náà ti wá, ìlú Hamburg ní Jámánì ló sì ti ṣẹlẹ̀, níbi tí àwọn kan lára àwọn tó ṣe ìkọlù September 11, 2001 ti gbé rí. Philip Seymour Hoffman ló ṣe ọ̀gá amí tó ń mu sìgá bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́ sí i. Ó kú ní February 2014, kí fíìmù náà tó dé sinimá fáwọn aráàlú, ọ̀pọ̀ òǹwòran ò sì lè wò ó láìrántí ìyẹn. Ohùn Jámánì tí àwọn òṣèré Amẹ́ríkà fi ń sọ Gẹ̀ẹ́sì máa ń bí àwọn kan nínú. Kò yọ èmi lẹ́nu. Ìparí ẹ̀ ló ń dá ìjà sílẹ̀: fún bíi wákàtí méjì ló fi ń rọra lọ, ló bá ṣàdédé gbá yín létí. Ẹ yá a wò ná. Tí ìparí yẹn bá ṣì ń jà lọ́kàn yín lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ wá lọ rà á.

Bridge of Spies ló rọrùn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun ni mo sì máa ń fi han ẹni tí kò tíì wo irú ẹ̀ rí. Spielberg ló darí ẹ̀, Tom Hanks ló ṣe lọ́yà tó lọ dúnàádúrà pàṣípààrọ̀ àwọn amí lórí afárá Glienicke ní Jámánì, èyí tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ní February 10, 1962. Mark Rylance gba Oscar fún Rudolf Abel, amí Sófíẹ́ẹ̀tì, tó ṣe. Ẹ wo ibi táwọn ọlọ́pàá inú ti ya wọlé bá a: ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun nu pátákó ọ̀dà tí òun fi ń ya àwòrán, bébà tí wọ́n kọ àṣírí sí ló sì fi nù ún lójú wọn! Àmọ́ fíìmù náà ń ṣàlàyé gbogbo nǹkan fún yín, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́ nǹkan kù tí ẹ máa padà lọ wá. Ẹ yá a, ẹ kó gbogbo ilé jọ.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Tó bá jẹ́ DVD, ẹ wo nọ́ńbà agbègbè tó wà lẹ́yìn páálí ẹ̀. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 2, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 1, ti Nàìjíríà sì jẹ́ 5, nítorí náà èyí tí ẹ̀gbọ́n yín rà bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tẹ́ ẹ rà nílé, àfi tó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó ń gba gbogbo ẹ̀. Blu-ray ò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀: ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Nàìjíríà jọ wà lábẹ́ B, Amẹ́ríkà ló wà lábẹ́ A. Ẹ tún wò ó bóyá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń hàn nísàlẹ̀ àwòrán. Àwọn ará Circus yìí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí oúnjẹ wà lẹ́nu ẹ̀.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi í sọ́kàn pé "rà" níbẹ̀ kì í ṣe ti páálí tó wà nínú ilé. Àṣẹ láti wò ó ni wọ́n tà fún yín, ẹni tó tà á sì lè yọ ọ́ kúrò. Torí ìyẹn ni mo ṣe ní páálí Tinker Tailor méjèèjì, tí mo sì ń yá ìyókù wò.

Ní ti 1979, ẹ ka apá tó wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Wọ́n gé e sí apá 6 fún àwọn òǹwòran Amẹ́ríkà, apá 7 sì ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó kọ́kọ́ tà á fún mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó pé, àṣé 6 ni, kò sì gbà á padà. Mo ní láti ra òmíì.

Méje tó pé yẹn ti wà lọ́dọ̀ ìyàwó àbúrò mi láti ìgbà ọyẹ́. Mo pè é lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kó bá mi dá a padà. Ó ní kí n fara balẹ̀, pé ọkọ òun ti dé apá kẹta, kò sì tíì sùn.