Ẹ̀kọ́ olóhùn lórí Machiavelli àti ogun Ítálì: ohun tí mo rí níbẹ̀

Mo ra ẹ̀kọ́ olóhùn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa ohun tí àwọn òǹkọ̀wé Yúróòpù rò ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn lórí ogun, ipò ọba àti ètò ìlú. Mo ti gbọ́ ọ tán, mo sì tún gbọ́ apá tó dá lórí Machiavelli, òǹkọ̀wé ará Florence ní Ítálì, lẹ́ẹ̀kejì, nítorí apá yẹn nìkan tó owó tí mo san.

Tẹ́lẹ̀, èrò mi ni pé ńṣe ni ọkùnrin náà ń kọ́ àwọn aláṣẹ ní ìkà. Olùkọ́ yìí kò bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé rẹ̀ rárá. Ọdún 1494 ló ti mú ọ̀rọ̀, nígbà tí Charles Kẹjọ, ọba Faransé, kó ogun wọ Ítálì, tí àwọn ìlú tó gbójú lé ọmọ ogun alágbàṣe sì rí i pé asán ni wọ́n gbójú lé. Machiavelli di akọ̀wé ìjọba Florence ní 1498. Ojú rẹ̀ ló ṣe nígbà tí Paolo Vitelli, ọ̀gágun tí Florence ń sanwó fún kí ó gba ìlú Pisa padà, fà sẹ́yìn lẹ́yìn tí odi ìlú ti wó, tí wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí ní 1499. Ó wá kó àwọn ará oko jọ, ó sọ wọ́n di ọmọ ogun, Pisa sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní 1509. Ṣùgbọ́n ní Prato, ìlú kan nítòsí Florence, ní 1512, irú ọmọ ogun yẹn kan náà sá fún àwọn ará Sípéènì. Ìdílé Medici, tó ti ṣàkóso Florence tẹ́lẹ̀, padà sórí àlééfà, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Machiavelli, wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n sì fi okùn so ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n fà á sókè. Inú oko rẹ̀ ló ti kọ ìwé rẹ̀ tó lókìkí, The Prince (Ọmọ Aládé), ní 1513. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, bí mo bá gbọ́ tó ní aláṣẹ tí kò ní ọmọ ogun tirẹ̀ kò ní ààbò, ohùn ẹni tí ìlú rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni mò ń gbọ́, kì í ṣe ti ìkà.

Ibi tó dùn mí ni pé wọ́n fi ìkánjú kọjá lórí Erasmus, ọ̀mọ̀wé ará Netherlands tó kọ̀wé ìmọ̀ràn fún Charles, ọ̀dọ́ tó jọba Sípéènì, ní 1516, tó ní kí ọba kọ́kọ́ wá àwọn onílàjà kí ó tó gbé idà, nítorí pé àwọn mẹ̀kúnnù ni ogun ń jẹ run. Ọdún kan náà ni Utopia, ìwé Thomas More, òǹkọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, jáde, tó fi ẹ̀hónú hàn pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń lé àgbẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ nítorí pápá àgùntàn. Gbólóhùn méjì péré ni olùkọ́ sọ lórí ìwé More yìí. Ètò ìlú wà nínú àkọlé ẹ̀kọ́ náà, kò sì yẹ kí wọ́n ṣe mẹ̀kúnnù bẹ́ẹ̀.

Wọn kò fi àkọsílẹ̀ kankan tì í, èyí tó mú kí orúkọ àwọn ìlú Ítálì ṣòro láti dì mú. Mo máa ń dá a dúró láti kọ wọ́n sílẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti ka Machiavelli tí kò sì yé e, kí ó rà á. Bí wọ́n bá ṣe ẹ̀kọ́ mìíràn lórí Erasmus nìkan, èmi náà yóò tún san owó.